Ṣé kí n dá owó ra ilé sinimá? Ìdáhùn sí òǹkàwé kan

Òǹkàwé wa kan tó ń gbé nítòsí Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ̀wé pé: “Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ kí n dá owó pẹ̀lú òun kí a ra ilé sinimá kékeré oníyàrá mẹ́ta kan, ní ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Ó ní owó ìgbà ooru nìkan ti tó láti gbé e dúró lọ́dún. Ìròyìn tí mò ń kà ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ní 2023 wọ́n ní sinimá ti jí dìde, nígbà tó di 2024 wọ́n ní ó ti ń kú lọ, ní 2025 wọ́n tún ní ó ti yè, oṣù mẹ́ta kò sì pé tí wọ́n fi yí ohùn padà. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé òwò tó ní ọjọ́ iwájú ni?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làákàyè tí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń bá àwọn tó ń há fíìmù ka owó tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí iṣẹ́ náà sì kọ́ mi ni pé ìròyìn tí ẹ ń kà kò parọ́, àmọ́ ìbéèrè yín kọ́ ni wọ́n ń dáhùn. Wọ́n ń sọ iye tí fíìmù kan pa láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀yin ń béèrè bóyá ilé kan á rówó iná san ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti padà sílé-ìwé. Ọ̀rẹ́ yín ní owó ìgbà ooru nìkan ti tó. Ibẹ̀ gan-an ni èmi àti òun ti máa yapa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí gbogbo ayé fi ń fi ìgbà ooru wọn òwò sinimá ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń ka owó níbẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kàrún-ún, wọ́n á sì kà á dé ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́, ìyẹn ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án. Láyé àtijọ́, àkókò yẹn ni òwò máa ń tutù, nítorí pé gbọ̀ngàn máa ń gbóná. Ní 1925 ni Willis Carrier gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí ilé sinimá Rivoli ní New York, láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn sì ti ń sá fún oòrùn wọ inú sinimá, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í tilẹ̀ béèrè fíìmù tí wọ́n ń fi hàn. Síbẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ fíìmù kì í sábà kó ojúlówó ọjà wọn síbẹ̀, títí di ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1975, nígbà tí Universal gbé fíìmù Jaws ti Steven Spielberg jáde ní ilé sinimá tó ju 400 lọ lọ́jọ́ kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti polówó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́tùn-ún lósì. Kó tó dìgbà náà, ìlú ńlá díẹ̀ ni fíìmù ńlá máa ń kọ́kọ́ dé, á wá máa rá pálá lọ sí ìgbèríko. Star Wars tẹ̀ lé e ní 1977, láti ìgbà yẹn sì ni oṣù mẹ́rin yìí ti ń kó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ọdún wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ wo iye rẹ̀. Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n máa ń kà pọ̀. Ní 2013, owó ìgbà ooru tó nǹkan bí bílíọ̀nù 4.7 dọ́là. Ní 2019 ó jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 4.3. Àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn pa ní 2020. Ní 2022 ó padà sí nǹkan bí bílíọ̀nù 3.4, ní 2023 ó gorí bílíọ̀nù 4 díẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Barbie àti Oppenheimer tí wọ́n jáde lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ 21 oṣù Keje. Ní 2024 ó jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù 3.7. Ní 2025, nǹkan bí bílíọ̀nù 3.7 náà ni.

Ẹ tún ìlà méjì tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Ọdún méjèèjì pa iye kan náà, ìròyìn tí ẹ kà nípa wọn sì yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Ìdí rẹ̀ ni pé 2024 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹkún: ní òpin ọ̀sẹ̀ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun, ní ìparí oṣù Kàrún-ún, fíìmù tó ṣíwájú kò pa ju nǹkan bí mílíọ̀nù 32 dọ́là lọ ní ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo àwọn oníròyìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ sàréè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Inside Out 2 dé, ó pa nǹkan bí bílíọ̀nù 1.7 kárí ayé; nígbà tí oṣù Keje ń parí lọ, Deadpool & Wolverine dé, ó pa ju bílíọ̀nù 1.3 lọ, wọ́n bá fi ayọ̀ parí rẹ̀. Ti 2025 rèé, Lilo & Stitch kó ju mílíọ̀nù 180 lọ ní ọjọ́ mẹ́rin òpin ọ̀sẹ̀ Ìrántí yẹn kan náà, ìlù sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún; nígbà tó yá, àwọn fíìmù akọni alágbára tí gbogbo ènìyàn gbójú lé, títí kan Superman, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pa mílíọ̀nù 700 kárí ayé ní ìgbà ooru náà, wọ́n bá fi ìmí ẹ̀dùn parí. Bí nǹkan ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn ni wọ́n ń ròyìn, àpapọ̀ rẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé sinimá kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣe òṣùwọ̀n.

Dọ́là pàápàá kì í ṣe òṣùwọ̀n tó dára tó. Ẹ ka orí. Ní 2002 wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì tó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ní 2019, kí kòrónà tó dé rárá, ó ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí bílíọ̀nù 1.2, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn ilẹ̀ náà ti pọ̀ sí i nígbà yẹn. Ní ọdún méjì mẹ́ta tó tẹ̀ lé àrùn náà, nǹkan bí mílíọ̀nù 800 ni lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bo èyí mọ́lẹ̀ fún wa ni iye tíkẹ́ẹ̀tì: bí a bá pín in dọ́gba, kò tó dọ́là mẹ́fà ní 2002, nígbà tó di 2019 ó ti di dọ́là 9.16. Bí ìyá alákàrà tó ń ta igba àkàrà lóòjọ́ bá wá ń ta ọgọ́rùn-ún, tó sì sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì, owó inú agolo rẹ̀ kò yí padà, á sì máa sọ fún ará àdúgbò pé ọjà ń lọ dáadáa. Àmọ́ ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ, wọ́n sì ti gbé owó ẹ̀kọ tí wọ́n ì bá fi kún un lọ.

Ẹ̀kọ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì sí yín, nítorí pé nínú òwò sinimá, gúgúrú ni ẹ̀kọ wa. Iléeṣẹ́ tó ṣe fíìmù máa ń gba ìdajì owó tíkẹ́ẹ̀tì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2017, ìwé ìròyìn Wall Street Journal tú àṣírí pé Disney ń béèrè ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún lórí fíìmù Star Wars tuntun ìgbà náà, àti pé ilé sinimá tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi yàrá rẹ̀ tó tóbi jù lọ fi í hàn fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Fún ilé oníyàrá mẹ́rìnlélógún ní Houston, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Fún ilé oníyàrá mẹ́ta ní ìlú kékeré, gbogbo ẹni tó fẹ́ wo fíìmù náà á ti wò ó tán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yàrá tó dára jù á wá máa fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sórí àga òfìfo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù. Gúgúrú àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń tún èyí ṣe. Nínú gbogbo dọ́là kan tí oníbàárà bá san lórí gúgúrú, ó máa ń tó ọgọ́rin sẹ́ǹtì tó máa ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó àgbàdo, epo, iyọ̀ àti ike. Nítorí náà, ẹni tí kò wá kò ba owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan jẹ́ fún yín, owó gúgúrú tó ń jẹ́ ti yín pátápátá ló gbé lọ.

Mo rí ohun tí mò ń wí yìí kedere ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹsàn-án, ní ilé sinimá oníyàrá mẹ́rin kan tí mo lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìyàwó onílé ló ń ta gúgúrú. Ó bu àgbàdo kún agolo ìwọ̀n, ó ti nà án sí ẹnu ìkòkò oníná náà kó tó dá ọwọ́ dúró, ó yọjú láti ojú gíláàsì wo iye ọkọ̀ tó wà níta, ó kà á tán, ó sì da ìdajì àgbàdo náà padà sínú àpò. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níta, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ tèmi. Wọ́n tan fíìmù ní agogo méje fún ènìyàn márùn-ún, nítorí pé ẹni tó bá pa ìran kan rẹ́ nítorí èrò kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni oníbàárà á dárí jì í. Mo wo ìwé wọn ti ìgbà ooru ọdún náà: ó dùn ún wò. Mo wo ti oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá, mo sì rí ibi tí owó ìgbà ooru yẹn gbà lọ.

Kí ló wá lé èrò lọ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á nawọ́ sí kòrónà àti Netflix, wọ́n sì jẹ̀bi díẹ̀. Èmi ka àwọn tó ń kó ọjà wá sí ẹlẹ́bi ju àwọn méjèèjì lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Disney ra 20th Century Fox. Iléeṣẹ́ méjì tó ń ṣe fíìmù di ọ̀kan, fíìmù tó ń jáde níbẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kàrún-ún ọdún 2023, àwọn òǹkọ̀wé fíìmù dá iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn òṣèré náà dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, wọn kò sì yanjú ti àwọn òṣèré títí di oṣù Kọkànlá. Fíìmù tí wọn kò yà ní ìgbà ìyanṣẹ́lódì yẹn ni kò sí lórí àtẹ nígbà tí oṣù Kàrún-ún ọdún 2024 dé. Ẹni tó bá dé ọjà lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá ẹja, lẹ́ẹ̀kẹta á ra ẹran. Àṣà lílọ sí sinimá rí bẹ́ẹ̀: fíìmù tí ènìyàn wò lọ́sẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti máa rí ìpolówó èyí tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bí òwú náà bá sì já, ó ṣòro láti so.

Ohun kejì ni iye ọjọ́ tí fíìmù fi ń wà ní sinimá nìkan kó tó dé ilé ẹni. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Universal àti AMC, tí í ṣe ẹgbẹ́ ilé sinimá tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn pé fíìmù lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì fún títà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún péré. Ní 2021, iléeṣẹ́ fíìmù Warner gbé gbogbo fíìmù ọdún náà sórí HBO Max, ìkànnì rẹ̀ tí èèyàn ti ń wo fíìmù nílé, lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n dé sinimá ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti sún díẹ̀ sẹ́yìn láti ìgbà náà, àmọ́ omi ti dà nù: àwọn èèyàn ti mọ̀ pé bí wọ́n bá mú sùúrù díẹ̀, ó ń bọ̀ wá bá wọn nílé. Ní ìgbà ìrúwé ọdún 2025, Michael O'Leary tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé sinimá béèrè ní gbangba pé kó má dín ní ọjọ́ 45. (Ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ Cinema United báyìí, NATO ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ò rí i pé ó tó kí wọ́n yí i padà.) Mo gbè wọ́n lẹ́yìn lórí èyí, nítorí pé nínú ètò àtijọ́, bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń gun orí ọ̀sẹ̀ ni ìpín onílé sinimá ṣe máa ń pọ̀ sí i. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, nígbà tí àwọn àgbàlagbà tí kò fẹ́ ariwo máa ń wá, ni ilé kékeré ti máa ń mí. Àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n gé kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ilé wa ní Nàìjíríà dáadáa á ti rí i pé ìgbà ooru kì í ṣe òfin àdámọ́ni. Oṣù Kejìlá ni àjọ̀dún sinimá tiwa. Inú rẹ̀ ni A Tribe Called Judah ti Funke Akindele jáde ní 2023, tó sì di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá. A sì ti rí ikú sinimá rí kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó máa bẹ̀rù rẹ̀: ní Agége, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń sọ fún awakọ̀ lójoojúmọ́ pé Pen Cinema làwọn ń lọ, oríta tó ń jẹ́ orúkọ ilé sinimá tó ti kú, tí ọ̀pọ̀ wọn kò fi ẹsẹ̀ kan tẹ sinimá kankan níbẹ̀ rí. Nígbà tí Silverbird ṣí ilé sinimá ìgbàlódé rẹ̀ ní Victoria Island ní 2004, inú ilé ìtajà ńlá ló ti hù, fún èrò kékeré tó lówó lọ́wọ́. Sinimá padà wá, èrò tó ń lọ sí Pen kò bá a padà.

Irú ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà. Sinimá kò ní parẹ́. Iye yàrá á dín kù, àga á dára sí i, tíkẹ́ẹ̀tì á wọ́n, wọ́n á sì máa fi ojú àjọ̀dún wò ó. Àwọn tó lówó kò sá: ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Sony ra Alamo Drafthouse, ẹgbẹ́ ilé sinimá tó ti Austin bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní Texas yín, ohun tí àdéhùn ilé ẹjọ́ ti 1948 mú kó ṣòro fún iléeṣẹ́ fíìmù ńlá láti ṣe, kí wọ́n tó fagi lé e ní 2020. Lọ́wọ́ kejì, Cineworld, ẹgbẹ́ ilé sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ni àwọn ilé sinimá Regal ní Amẹ́ríkà, wọ ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Gbèsè ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí pé owó yíyá ló fi ra Regal nígbà tí ọjà ń gbóná. Àwọn ilé onírúurú yàrá tí wọ́n kọ́ sí ìdí ilé ìtajà tí kò sí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ mọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí fún jù.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025 tí mi ò tíì gbàgbé. Fíìmù eré àwòrán kan, KPop Demon Hunters, ti wà lórí Netflix láti oṣù Kẹfà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní Netflix lè wò ó lórí àga ilé rẹ̀. Wọ́n gbé e sí sinimá fún ọjọ́ méjì péré kí àwọn ọmọdé lè wá kọ orin inú rẹ̀ pọ̀, àwọn ọmọ sì rọ́ wá pẹ̀lú aṣọ òṣèré lọ́rùn. Netflix kò kéde iye tó pa, àmọ́ ìṣirò àwọn tó wà nínú òwò náà fi í sí ipò kìn-ín-ní ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé AMC kò fi í hàn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn tó wá wo ohun tí kò rí rí. Wọ́n wá nítorí ọmọ tó jókòó ti wọn.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kí ẹ má rà á. Ilé oníyàrá mẹ́ta tó dá wà ní ìlú rẹ̀, tí kò sí òmíràn láàárín ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí kò jẹ gbèsè, lè pẹ́ ju èyí tó wà ní àárín Houston lọ. Àmọ́ ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó gbé ìwé wá. Ẹ béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe iye dọ́là, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́ta tó kọjá. Ẹ béèrè iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń ná sórí gúgúrú. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ra àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú ògiri: ọ̀pọ̀ ilé kékeré ló ra tiwọn nígbà tí gbogbo ayé ń kúrò lórí rọ́ọ̀lù fíìmù ní nǹkan bí 2010 sí 2013, wọ́n ti ń gbó, iye ọ̀kan ṣoṣo sì máa ń wọ ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là. Yàrá mẹ́ta, ẹ̀rọ mẹ́ta. Ẹ wo ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà bóyá owó ilé á gòkè lọ́dọọdún. Kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi yàrá wọ̀nyẹn ṣe ní ọjọ́ tí kò bá sí fíìmù: eré bọ́ọ̀lù, ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé, fíìmù Nollywood fún àwọn ará wa tó pọ̀ ní agbègbè Houston, tí wọ́n máa ń wa ọkọ̀ jìnnà láti wo fíìmù tó sọ èdè wọn.

Bó bá jẹ́ ìwé oṣù Kẹfà àti ti oṣù Keje nìkan ló gbé wá, ẹ dá a padà, kí ẹ ní kó lọ mú ti oṣù Kẹsàn-án wá. Nígbà tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí a jọ kà á.